Òfò Ta Ni Ìwé Yìí Ń Dójú Tì?

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àkọ́bí mi obìnrin wá jókòó tì mí ní pálọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Ọmọ ọdún 17 ni. Ó ti fi owó iṣẹ́ tó ṣe nígbà ìsinmi ra mọ́tò àlòkù kan, a sì ń wá ìnṣọ́ránsì tí a ó fi sí i. Iye tí wọ́n pè é bà á lẹ́rù, torí owó ìnṣọ́ránsì ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ kì í ṣe kékeré níbí. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kàn ra èyí tí ìjọba ní dandan. Ìyẹn náà ṣáà ni ìnṣọ́ránsì, àbí?"

Mo la ẹnu láti dáhùn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀rọ̀ tó jọ èyí gẹ́lẹ́ ni mo fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí fóònù lọ́dún 2013, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Mi ò sọ ìtàn náà fún un rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ́ fún ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi náà, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń san owó yìí lóṣooṣù láì mọ ohun tí a ń rà.

Àdúgbò Mission là ń gbé nígbà náà, nínú ilé ayálégbé kan tí kò jìnnà sí odò Elbow. Odò méjì ló pàdé ní Calgary: Bow tó gba ìlú kọjá, àti Elbow tó ń ṣàn wọnú rẹ̀. Láti orí àwọn òkè Rocky ni àwọn méjèèjì ti ń bọ̀. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn, òjò ńlá rọ̀ sórí àwọn òkè náà nígbà tí yìnyín ibẹ̀ ṣì ń yọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ sì ti mu omi yó. Gbogbo omi náà wá ya bo ìsàlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, ìjọba ìlú kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò jáde kúrò nílé.

Èmi ò sí nílé. Mo ti wọ C-Train lọ síbi iṣẹ́ ní apá àríwá ìlà-oòrùn ìlú, mo sì fi mọ́tò wa sílẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ ilé. Ìyàwó mi ò tíì gba ìwé ìwakọ̀ nígbà yẹn. Ó pè mí.

"Wọ́n ní ká jáde o. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bọ̀ wá gbé èmi àtàwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bàbá òkè yìí ní tí a bá fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́, ọmọ àwọn á bá wa gbé mọ́tò lọ síbi tó ga. Ṣé kí n fún wọn?"

Mo ní, "Má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáà jáde. Mọ́tò ní ìnṣọ́ránsì."

"Ṣé ìnṣọ́ránsì yẹn gba ti omi?"

"Ìnṣọ́ránsì ṣáà ni ìnṣọ́ránsì."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú.

Ohun tí ìyàwó mi ò mọ̀ nìyí. Lóṣù kejì ọdún náà, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi ní Ìbàdàn, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò sì tó. Mo pe alágbàtà ìnṣọ́ránsì wa, mo bi í léèrè ohun tí a lè yọ kúrò kí owó oṣooṣù lè fúyẹ́. Ó dárúkọ nǹkan méjì, collision àti comprehensive, ó ní òfin ò fi dandan mú mi rà wọ́n. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n wà fún, ṣùgbọ́n iye owó tó máa kù nìkan ni etí mi ń gbọ́. Mo ní kó yọ méjèèjì. Mo fowó ránṣẹ́ sílé, ojú ìyá mi là, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì fún ìyàwó mi. Mo ní mọ́tò ti gbó, ta ló fẹ́ jí i? Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé ohun tí ìjọba bá fi dandan mú èèyàn rà, á ṣáà wúlò fún ẹni tó rà á lọ́jọ́ ìṣòro.

Omi dé lóru. Ó lé ní 75,000 èèyàn tó fi ilé sílẹ̀ ní Calgary. Omi wọ gbọ̀ngàn Saddledome títí dé orí ìjókòó àwọn òǹwòran, iná kú láàárín ìlú. Ní High River, ìlú kékeré tó wà ní gúúsù wa, ó burú ju tiwa lọ, gbogbo ìlú ni wọ́n kó jáde.

Ìyá ìyàwó mi pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Omíyalé ní Kánádà kẹ̀? Ṣé Ògùnpa wà lọ́hùn-ún náà ni?" Àwọn tó mọ Ìbàdàn dáadáa ò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún, tó kó ilé, tó kó ọjà, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni èmi náà nígbà yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nípa òfò ọjọ́ náà bí mo ṣe ń dàgbà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa dárúkọ ìnṣọ́ránsì. Mọ̀lẹ́bí, ará àdúgbò àti àwọn ẹlẹ́sìn ẹni ni wọ́n sá tọ̀. Àwa náà, mọ̀lẹ́bí kan nínú ìjọ wa ló gbà wá sílé. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: èèyàn mẹ́sàn-án nínú ilé oníyàrá méjì, a sì ń dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n fa omi kúrò lábẹ́ ilé wa tán, wọ́n jẹ́ ká wọlé lọ wo àwọn mọ́tò. Ẹrẹ̀ bo tiwa dé orí. Àga tí àbúrò rẹ̀ máa ń jókòó sí wà lẹ́yìn, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀. Mo jáde síta láti mí, mo sì rí mọ́tò bàbá òkè níwájú ilé, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ wọn ti gbé e sá lọ kí omi tó dé.

Mo pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Obìnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bi mí bóyá comprehensive wà lórí mọ́tò náà. Mo dákẹ́. Ó ní òun máa wò ó. Nígbà tó padà dé, ó ní kò sí. Mo ní, "Ṣùgbọ́n mò ń sanwó lóṣooṣù, mi ò jẹ yín ní kọ́bọ̀." Ó ní òótọ́ ni. Ó wá fi sùúrù sọ ohun tí mo ti ń sanwó fún, ọjọ́ yẹn ni mo sì tó gbọ́ ọ.

Ní Alberta, ohun tí òfin fi dandan mú gbogbo onímọ́tò rà kò pọ̀. Èkíní ni third-party liability: tí mo bá fi mọ́tò mi ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, òun ni wọ́n máa fi san án fún onítọ̀hún. Kò gbọdọ̀ dín ní $200,000, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni accident benefits: owó ìtọ́jú fún èmi àti àwọn tí mo gbé tí a bá fara pa nínú ìjàǹbá, ẹni yòówù kó jẹ̀bi. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un, DCPD ni wọ́n ń pè é. Tí awakọ̀ mìíràn tó ní ìnṣọ́ránsì bá kọlu mọ́tò rẹ, ilé iṣẹ́ tìrẹ ló máa tún tìrẹ ṣe, níwọ̀n bí ẹ̀bi náà kò bá ti jẹ́ tìrẹ. Ẹni tó bá wakọ̀ láìní àwọn nǹkan dandan wọ̀nyí, ìtanràn rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í dín ní $2,500.

Ẹ wá wò ó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló kan omi tó wọ mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ilé? Mi ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kò sẹ́ni tó fara pa nínú rẹ̀. Kò sí awakọ̀ tó gbá mi. Odò Elbow ló wọlé wá bá mi, odò Elbow ò sì ní ìwé ìwakọ̀.

Adójútòfò ni Yorùbá ń pe ìnṣọ́ránsì, ohun tó ń dójú ti òfò. Òfò á dé, á rò pé òun ti sọ èèyàn di ẹdun arinlẹ̀, ni owó á bá jáde, ojú á ti òfò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n ti bi ara mi: òfò ta ni? Èyí tí òfin ní dandan, òfò ẹnì kejì ló kọ́kọ́ ń dójú tì. Kì í ṣe ẹrù ìjọba bóyá mọ́tò tèmi wà tàbí kò sí. Ohun tó kàn wọ́n ni pé kí n má fi mọ́tò sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláìní. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfò tèmi, èmi ni mo gbọ́dọ̀ wá ohun tó máa dójú tì í. Lọ́dún yẹn, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ò dójú ti òfò. Èmi ló dójú tì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Tí ìyàwó mi bá ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa sanwó?" màá ní wọ́n ṣì ń wò ó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ kẹrin mo sọ ọ́ fún un nínú kíṣìnì onílé tó gbà wá. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé mi ò ní fẹ́ kí ojú Màmá là ni? Ẹ ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti fún ọmọ bàbá òkè ní kọ́kọ́rọ́."

Mi ò ní èsì. Ìjọba Alberta ní ètò ìrànwọ́ fún àwọn tí omi ṣe lọ́ṣẹ́, àmọ́ ohun tí èèyàn lè tètè rí ìnṣọ́ránsì rà fún kì í sí lára ohun tí wọ́n ń san, ti omi tó wọ mọ́tò sì wà lára rẹ̀. Òtútù ọdún yẹn bá wa láìní mọ́tò. Ìyàwó mi á pọn àbúrò, á di ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n á dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù tó lọ sí 25 nísàlẹ̀ òdo. Ọdún 2014 ti lọ jìnnà ká tó rí òmíràn rà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Dádì, ṣé torí ẹ̀ ni Mọ́mì ṣe máa ń sọ pé 'ṣé ó dá ẹ lójú?' nígbà gbogbo?"

Mo ní bóyá ni.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ìwé yẹn."

A jọ jókòó kà á. Section A ni gbèsè tí a lè jẹ ẹlòmíràn, DCPD sì tẹ̀ lé e. Section B ni ìtọ́jú ara. Section C ni ti mọ́tò tiwa fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òfin ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oníkálukú. Mo ní kó máa fi Yorùbá sọ ohun tó bá kà, níbi tó bá ti kọsẹ̀, màá bá a gbé e. Collision: tí mọ́tò bá kọlu nǹkan tàbí tó bá dojú dé. Comprehensive: ohun mìíràn tó lè ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, bí olè, iná, igi tó wó lù ú, òkò tó fọ́ gíláàsì, omi tó kún. Specified perils: èyí kéré sí comprehensive, kìkì ewu tí wọ́n bá dárúkọ síbẹ̀ ló gbà. Ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: iná, mànàmáná, olè, ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀, òjò yìnyín. Ó wá dúró. "Rising water. Dádì, Elbow rèé."

Mo bi í pé kí ni ìyá ìyá rẹ̀ máa ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omíyalé."

Ọ̀rọ̀ òjò yìnyín ò ṣàjèjì sí i. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ wà nílé nígbà tí yìnyín ń já bọ́ bí òkò sí apá ọ̀dọ̀ wa ní àríwá ìlú. Òfò tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò san lórí ọjọ́ kan yẹn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là. Òun àti yìnyín àti omi, ibì kan náà ni wọ́n wà nínú ìwé: Section C. Ẹni tó bá ra èyí tó jẹ́ dandan nìkan, òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì.

Mo wá sọ nǹkan méjì fún un tí alágbàtà sọ fún mi lọ́jọ́sí tí etí mi ò gbọ́. Àkọ́kọ́, deductible: owó tí ìwọ fúnra rẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ òfò, kí tiwọn tó tẹ̀ lé e. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni owó oṣooṣù á ṣe kéré tó. Èkejì, tí mọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá, iye tó tó lọ́jà kí òfò tó dé ni wọ́n máa wò, kì í ṣe iye tó o rà á. Nítorí náà, ìgbà mìíràn wà tí kò burú kéèyàn dúró lórí èyí tó jẹ́ dandan, tí mọ́tò náà ò bá fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan mọ́ tí owó òmíràn sì wà nílẹ̀. Ẹni tó yá owó ra mọ́tò ní tirẹ̀, ẹni tó yá a lówó máa ń fi dandan mú un ra collision àti comprehensive.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, tí mọ́tò yìí bá bá omi lọ lálẹ́ òní, ṣé o lè ra òmíràn lọ́la?"

Ó ní, "Rárá o. Gbogbo owó tí mo ní nìyẹn."

Ó mú specified perils, ó sì yan deductible tí agbára rẹ̀ ká. Òun ló yàn án, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí tó ń wakọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Third party tí òfin Nàìjíríà ní dandan, tí owó rẹ̀ kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000 láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2023, òfò ẹlòmíràn lòun náà wà fún. Tí àgbàrá Lẹkí bá wọ mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín, kò ní bá wọn tún un ṣe. Ẹ bá wọn wò ó.

Tí omi bá sì ti wọ mọ́tò yín níbikíbi, ẹ má ṣe ṣíná sí i láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì máa bà á jẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe ilé iṣẹ́ yín, ẹ dúró. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ ń rà ní Alberta níbí, ẹ gba Vehicle Information Report lọ́wọ́ àwọn registry, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó sókè. Ẹrẹ̀ ò mọ irọ́ pa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè, orí ìkíni àti ìtàn ìjàpá ni a sábà máa ń dúró sí. Ẹ fi èdè yín ka ìwé ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ojú lásán ni mo fi ń wò ó lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí ọmọ mi ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá ni òun àti èmi tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí ọkọ àti ìyàwó náà sì jọ kà á. Ohun tí ẹnì kan bá yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹnì kejì mọ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ sọ fún un pé a ti ra ìnṣọ́ránsì. Ó bọ́ bàtà, ó wo èmi, ó wo ọmọ.

"Ṣé ó gba ti omi?"

Ọmọ ní ó gbà á.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní, "Ó dá wa lójú. A jọ kà á ni."